Ọkọ̀ àlòkù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti gbóná rékọjá: ṣé kí n rà á?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ọkọ̀ àlòkù kan tí ara rẹ̀ dára, tí gíà rẹ̀ sì ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó ń tà á ti gé e sí ìdajì iye tí irú rẹ̀ ń lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ gbóná rékọjá lójú ọ̀nà ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní tópù gásíkẹ́ẹ̀tì (awẹ́ pẹlẹbẹ tó dí àárín tópù sílíńdà àti bílọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì pa) nìkan ló jó, pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, mo rí ohun funfun kan tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ bí ìfófòó ọṣẹ. Èéfín funfun tún ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnì ti yá dáadáa. Owó ọwọ́ mi ká ọkọ̀ náà, díẹ̀ á sì kù fún àtúnṣe, ṣùgbọ́n kò ní ká ẹ́ńjìnì mìíràn.

Awakọ̀ Àgbà: Ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì lóòótọ́, kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe é, kí ó sì tà á ní iye tó pé?

Ọmọ Mẹkáníìkì: Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ Àgbà, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí owó àtúnṣe má sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí olùbéèrè rí fi hàn pé omi rádíétọ̀ ti ń wọ inú ọ́ìlì, ó sì ń wọ ibi tí epo ti ń jó. Gásíkẹ́ẹ̀tì lè fà á, ṣùgbọ́n tópù sílíńdà tí ooru ti wọ́ tàbí bílọ́ọ̀kù tó sán náà lè fà á, ojú lásán kò sì lè fi wọ́n mọ̀ yàtọ̀. Kí mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín mú lọ yọ gbogbo pílọ́ọ̀gì, kí ó wọn kọ́ńpíréṣọ̀n, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó, nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ tí àwọn yòókù dúró, gásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ló lọ sílẹ̀, kí ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó tún un wọ̀n: bí ó bá gòkè, ríìngì písítìnì ló ti jẹ, bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ọ́ìlì yẹn gan-an ló ń já mi láyà, nítorí pé ọ́ìlì tí omi ti bà jẹ́ kì í lè dáàbò bo bíárìn ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá wọ́n ṣì ń wà á lẹ́yìn ọjọ́ tó gbóná náà.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ra irú rẹ̀ rí. Kí n tó dé ibẹ̀ ni wọ́n ti sítáàtì ọkọ̀ sílẹ̀, mo sì rò pé oore ni wọ́n ṣe mí. Wọ́n ti yọ tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń dí ọ̀nà omi rádíétọ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná tó, kúrò kí ó má baà tètè gbóná níwájú mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, omi tán nínú rádíétọ̀ lójú títì. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pè é. Ó ní àbúrò òun wà á fún nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, pé omi nìkan ni wọ́n ń bù sí i.

Ọmọ Mẹkáníìkì: Oṣù kan pẹ̀lú ọ́ìlì tí omi ti bà jẹ́! Ẹ má ka iye gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ ro iye ẹ́ńjìnì mìíràn àti owó iṣẹ́ pọ̀ mọ́ iye tó ń tà á, kí ẹ fi wé iye ọkọ̀ irú rẹ̀ tí ara rẹ̀ pé.

Olùbéèrè: Mo ti ṣírò rẹ̀, ó kọjá. Mo ti sọ fún un pé kí ó tún un ṣe, kí ó wà á fún oṣù kan, lẹ́yìn náà kí ó wá pè mí.