Windows ń kú bí Photoshop bá ti ṣí: ṣé fódà settings tí mo kó wá ló fà á?

Alápẹẹrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àpẹẹrẹ àdìrẹ ní Ìtòkú níbí ni. Windows 11 ni, RAM 16GB, káàdì graphics rẹ̀ (èyí tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) wà nínú processor. Èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ní káàdì ńlá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo kó gbogbo fódà Photoshop inú AppData (ibi tí Windows ń tọ́jú settings sí) ti àtijọ́, mo dà á lé ti tuntun, kí brush àti action wa (àwọn iṣẹ́ tí a ti gbà sílẹ̀ kí Photoshop máa tún un ṣe) má baà sọnù.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ṣí Photoshop, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, á padà, á tún ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á di búlúù: VIDEO_TDR_FAILURE. Mo ti yọ Photoshop, mo tún fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, ibi pẹlẹbẹ náà ni. Corel ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ní kí n fọ́máàtì Windows. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?

Panṣẹ́kẹ́Tech

Ẹ má fọ́máàtì nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá yọ Photoshop, fódà settings tó wà lábẹ́ orúkọ yín kì í bá a lọ, àyàfi tí ẹ bá ní kó pa á rẹ́. Ìyẹn ni pé bí ẹ ṣe ń fi sí i padà, àìsàn ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yé wa. Fáìlì settings lásán kò lè pa Windows. Bí Photoshop bá ṣìnà, òun nìkan ló yẹ kó kú. Àmọ́ driver káàdì graphics, ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí Windows fúnra rẹ̀ gbé ń ṣiṣẹ́. Fáìlì Prefs (ibi tí Photoshop ń kọ àwọn settings rẹ̀ sí) tí ẹ kó wá ṣì ń pàṣẹ bíi pé káàdì ńlá ló wà níbẹ̀. Aṣọ àgbàwọ̀ ni: ó ti fún un lápá. Driver gba iṣẹ́ tí apá rẹ̀ ò ká, ó dákẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ni Windows fi ń dúró de káàdì. Bí kò bá fèsì, á tún un gbé dìde. Òkùnkùn tí ẹ ń rí nìyẹn. Bí kò bá lè gbé e dìde, tàbí bó bá ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, á dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Ojú búlúù yẹn nìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ dá àkántì tuntun: Settings, Accounts, Other users, Add account. Ẹ wọlé síbẹ̀, kí ẹ ṣí Photoshop. Bí kò bá kú níbẹ̀, fáìlì settings ló jẹ̀bi. Bó bá kú níbẹ̀ náà, driver ni kí ẹ dojú kọ.

Bó bá jẹ́ settings, ẹ padà sí àkántì yín. Ẹ pa Photoshop dé, ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ %appdata%, ẹ wọ Adobe, ẹ wọ fódà Photoshop tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti yín mu. Ẹ óò rí fódà kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí Settings. Ẹ má pa á rẹ́ o! Ẹ kàn fi "-atijo" kún orúkọ rẹ̀. Photoshop á dá tuntun fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń di Ctrl+Alt+Shift mú bí Photoshop ṣe ń ṣí, kó lè bi wọ́n bóyá kó pa settings rẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá pa rẹ́ ti lọ nìyẹn. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ yín wà nínú fódà náà.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ débẹ̀, ẹ di Shift mú kí ẹ tẹ Restart, Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ wá tẹ 4. Safe Mode nìyẹn, kì í lo driver káàdì yín rárá. Ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa) oní-nọ́ńbà 48, ẹ wá a sílẹ̀.

Ọmọ_Òkè-Ìlèwó

Ẹ̀gbọ́n Panṣẹ́kẹ́ ti sọ ọ́ tán. Fún ẹlòmíràn tó bá ń kà á, tí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kàn ń kú láìkọ nǹkan kan sójú: ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iná ni. Ẹ ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, Windows Logs, System, ẹ wá Event 41, Kernel-Power, kí ẹ wo Details. Bí BugcheckCode bá jẹ́ 0, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé iná ló lọ tàbí pé kọ̀ǹpútà gan pa. Ti Alápẹẹrẹ yẹ kó jẹ́ 278, òun náà ni 0x116, nọ́ńbà VIDEO_TDR_FAILURE.

Iná tó bá lọ lójijì nígbà tí Photoshop ń kọ settings rẹ̀ sílẹ̀ náà lè ba fáìlì yẹn jẹ́, kó má sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ ju òdo lọ. Ọ̀nà àtúnṣe kan náà ni.

Alápẹẹrẹ_Ìtòkú

Ẹ ṣeun gan-an. Nínú àkántì tuntun, kò kú. Mo ti yí orúkọ fódà padà, Photoshop ti ṣí. 278 gan-an ni mo bá ní Event 41. Ó wá ku brush àti action o, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni.

Panṣẹ́kẹ́Tech

Wọn ò sọnù. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ tẹ orúkọ àkójọ action yín, kì í ṣe action kan ṣoṣo inú rẹ̀, torí Save Actions kò ní ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á fún yín ní fáìlì .atn. Ti brush, ẹ yàn wọ́n, Export Selected Brushes, á fún yín ní .abr. Àwọn méjèèjì yìí kò mọ nǹkan kan nípa káàdì, ẹ fi fláàṣì kó wọn wá láìbẹ̀rù. Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ kó ni fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí Prefs.psp.

Bí ti àtijọ́ kò bá tàn mọ́, ẹ mú Actions Palette.psp nìkan nínú fódà "-atijo", ẹ dà á sínú tuntun, kí ẹ ṣí Photoshop wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o, kí ẹ lè mọ èyí tó bá ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ tún wá driver tuntun lórí ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, torí driver tó dára kò yẹ kó kú nítorí àṣẹ tó le. Kí ẹ tó rí i, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Use Graphics Processor, ní Edit, Preferences, Performance.

Bí Corel náà bá sì ṣe irú èyí lọ́jọ́ kan, F8 ni kí ẹ dì mú bó ṣe ń ṣí, á dá workspace (bí ẹ ṣe to irinṣẹ́ àti bọ́tìnnì sójú rẹ̀) padà sí bó ṣe wà nígbà tuntun. Ẹ kọ́kọ́ export workspace yín, torí gbogbo shortcut tí ẹ ti tò sí i ló máa lọ.