Fírísà tó ń ta wá lọ́wọ́: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí nídìí iná mànàmáná

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, ni mo wà, ní àdúgbò Tokpota, èmi àti ìyá ọkọ mi la jọ ń gbé. Màmá ń ta omi dídì níwájú ilé, fírísà àlòkù kan ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì tó ọdún 2 tí fírísà yẹn fi ta wá lọ́wọ́. Tó o bá wọ bàtà tí ilẹ̀ gbẹ, kò sí nǹkan, àmọ́ tó o bá fẹsẹ̀ lásán dúró sórí sìmẹ́ńtì tó tutù tó o wá fọwọ́ kan irin ara ẹ̀, á ta ẹ́ láti ọmọ ìka dé ìgúnpá. Ó ti mọ́ Màmá lára, aṣọ ni wọ́n fi ń ṣí i. Gbogbo wa la mọ̀, kò sẹ́ni tó pe oníṣẹ́ iná.

Ọdún tó kọjá, nínú òjò, ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 sáré wọlé, omi ń kán lára ẹ̀, ó gbá ìlẹ̀kùn fírísà mú. Kò ké o. Ohun tó ṣì ń bà mí lẹ́rù títí di òní nìyẹn, torí ọmọ tó bá ké, èèyàn á gbọ́. Mo kàn rí i tó dúró gan-an, ọwọ́ ẹ̀ di irin yẹn mú, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ lọ fà á, mo pariwo mọ́ ọn pé kó má fọwọ́ kàn án, mo sáré lọ ré disjoncteur (ohun tó ń gé iná ilé) tó wà nídìí compteur (mítà iná) wálẹ̀, ọmọ ṣubú lulẹ̀. Ó ń mí. Ilé ìwòsàn la sùn mọ́jú, wọ́n ń yẹ ọkàn ẹ̀ wò. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àpá kan ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo pe oníṣẹ́ mìíràn, kì í ṣe ẹni tó fa iná ilé wa. Ó tú prise ara ògiri, ìyẹn sọ́kẹ́ẹ̀tì tá a ń ki fírísà bọ̀. Ṣé ẹ mọ ọ̀pá kékeré tó yọrí síta nínú prise, èyí tó wà fún wáyà ilẹ̀? Ó wà níbẹ̀, ó ń dán. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti gé wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, wọ́n ká a bí ìkarahun ìgbín, wọ́n kì í bọnú ihò. Wáyà yẹn ló yẹ kó gbé iná tó bá jò sára irin lọ sínú ilẹ̀, ìgbà tí kò sì sí, ara ọmọ mi niná gbà kọjá.

Ó kan ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ, ó fa wáyà ilẹ̀ wọlé, ó wá fi disjoncteur différentiel 30 mA (milliampere) sí i, ìyẹn èyí tó ń gé iná tí iná díẹ̀ bá ti ń jò lọ síbi tí kò yẹ. Bá a ṣe ki fírísà bọ iná, tàà! iná lọ. A gbé disjoncteur náà sókè, tàà! Àbúrò ọkọ mi ní nǹkan tuntun yìí ò dáa, ká yọ ọ́ ká lọ gbowó wa padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe! Disjoncteur lásán tó jẹ́ 20 A (ampere 20, ìyẹn 20,000 mA) ò lè mọ̀ pé iná ń gba ara èèyàn lọ, torí iná tó ń pààyàn kéré gan-an sí èyí tóun ń ṣọ́. Ìgbà tá a dojú fírísà dé la rí i pé eku ti jẹ wáyà ìdí ẹ̀, bàbà wà níta, ó ń kan irin.

Ẹ̀yin náà, kí lojú yín ti rí?

*Láti Kétu:* Ẹ kú ewu o, àǹtí. Nílé tiwa, iná aláǹtakùn la ń lò, wáyà tínínrín kan látara compteur aládùúgbò, orí igi ọparun ló gbà, ilé 3 ló ń jẹ nínú ẹ̀. Ìjì wó ọparun, wáyà já sínú àgbàrá, ewúrẹ́ ìyá mi 2 kú síbẹ̀ láàárọ̀. Ìyá mi ló máa ń gba ibẹ̀ lọ ponmi.

*Láti Ṣábẹ́:* Àǹtí, Ọlọ́run á dá a sí fún yín. Èmi, àrá ni tèmi. Mo ti yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò nínú prise, mo gbàgbé wáyà áńtẹ́nà tó ti orí òrùlé wá. Àrá sán, èéfín jáde lẹ́yìn ẹ̀. Báyìí, tójú ọ̀run bá ti ń ṣú, mo ti ń yọ méjèèjì, àti ti íntánẹ́ẹ̀tì, torí tí àrá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Àǹtí, tí disjoncteur bá jìnnà ńkọ́?

*Èmi náà, láti Àjàṣẹ́:* Ẹ ṣé, ará Ṣábẹ́. Oníṣẹ́ yẹn ní ká dúró sórí nǹkan gbígbẹ, ká fi igi gbígbẹ ti ẹni tíná mú kúrò, irin kọ́, ohun tó tutù kọ́. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ tètè ká wáyà yẹn kúrò lọ́nà omi, mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní différentiel, bọ́tìnnì kékeré kan wà lójú ẹ̀ tí wọ́n kọ T sí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, tí kò bá gé iná, ẹ pe oníṣẹ́. Nílé wa, ọjọ́ kìíní oṣù la ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ yẹn ló máa ń rán mi létí.