OT lórí fóònù fún ìyá tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú: báwo la ṣe ń bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Kubwa béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìyá ọmọ ọdún 52 kan wà ní Lugbe, l'Ábújá. Wọ́n ti gé ọmú ọ̀tún, wọ́n yọ kókó abíyá, ó gba kẹ́mò, ó sì parí rediotẹ́rápì (ìtọ́jú onítànṣán) lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Dókítà ní kó máa lo ara. Àmọ́ orí àga ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ọmọ ò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Kò sí oníṣẹ́ occupational therapy (OT), ìtọ́jú tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀, nítòsí, owó mọ́tò sì ti wọ́n wọn lójú, la bá ní ká ṣe é lórí fóònù. Ìpè mélòó ni? Kí là ń sọ níbẹ̀? Kí ló sì máa ń bà á jẹ́? Ṣé apá ọ̀tún yẹn lè gbé nǹkan?

OT Zaria:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àníyàn. Ẹ má fi "ẹ máa ṣe eré ìdárayá" bẹ̀rẹ̀, kì í gbé ẹni tó ti rẹ̀ dìde. Ẹ bi í pé: "Mà, kí lẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó ń wù yín kẹ́ ẹ tún máa ṣe?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́.

Ká ní ó fèsì pé òun fẹ́ tún máa ro àmàlà fúnra òun. Ẹ tú iṣẹ́ náà palẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ìdúró nídìí iná, ooru, apá tó ń yí orógùn, gbígbé ìkòkò sọ̀. Èwo nínú wọn ló ń dí i lọ́wọ́ gan-an? Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó jókòó, kó fi ajọ̀ jọ èlùbọ́ mudu (abọ́ ìwọ̀n ọjà) kan péré. Lọ́sẹ̀ kejì, kó ro ti ẹnìkan ṣoṣo, kó jókòó sórí àpótí, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orógùn mú, kí ẹlòmíràn máa bá a di ìkòkò mú, kí ẹni náà sì máa gbé e sọ̀. Kí iná má sún mọ́ apá ọ̀tún, torí egbò iná kékeré lè di àkóràn ńlá ní apá tí wọ́n ti yọ kókó rẹ̀.

Ìpè kan lọ́sẹ̀ ti tó, ìṣẹ́jú 30 sí 45, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kí ìpè kọ̀ọ̀kan parí sórí gbólóhùn kan tí ìyá fúnra rẹ̀ sọ, tó sì ní ọjọ́, aago, ibi àti ẹni tí wọ́n jọ máa ṣe é: "Lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, èmi àti àbúrò mi á rìn nínú kọ́ḿpáǹdì fún ìṣẹ́jú márùn-ún." Ẹ wá bi í pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ló dá a lójú pé òun á ṣe é. Bí kò bá tó méje, ẹ dín in kù, kódà kó di ìṣẹ́jú méjì.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tí kò ṣe é, ẹ má bá a wí. Ẹ wá ohun tó dí i: ooru ni, ìrora ni, àlejò ni, àbí ẹ̀rù? Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ọjọ́ tí ara bá yá. Ìyá á fọṣọ, á gbálẹ̀, á tún lọ sọ́jà, ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e á sì di orí ibùsùn. Àwọn ọmọ á wá ní, "Ṣé a ò ti sọ?" Nítorí náà, kí ìwọ̀n iṣẹ́ dọ́gba lọ́jọ́ tó dùn àti lọ́jọ́ tí kò dùn. Kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tán. Ní ìpè kejì, ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù sí sípíkà, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fáwọn ọmọ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn ni ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ìlànà tí American College of Sports Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2019 sọ pé eré ìdárayá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12, ń dín àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì kù. Ẹ má tètè sọ iye yẹn fún un.

Fisió Gwarinpa:

Ẹ jẹ́ n dáhùn ti apá. Ó lè gbé nǹkan, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wọn apá méjèèjì, torí apá tí wọ́n ti yọ kókó rẹ̀ lè wú. Ẹ fi tépù aránṣọ wọn ọrùn ọwọ́, kẹ́ ẹ fi báírò sàmì sí 10cm, 20cm àti 30cm sókè, kẹ́ ẹ wọn ibẹ̀ náà. Aago kan náà ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, torí apá tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń tóbi díẹ̀. Tí ọ̀kan bá wá fi 2cm ju èkejì lọ, tàbí òrùka àti apá aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún, ẹ fi tó dókítà létí.

Ìgò omi 50cl tó kún, ìdajì kílò ni. Kó gbé e lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó sinmi, kó tún gbé e lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tí apá kò bá wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó bọ́ sí ti 75cl. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2009 lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú tẹ́lẹ̀: apá àwọn tó ń gbé irin díẹ̀díẹ̀ kò wú ju ti àwọn tí kò gbé lọ. Ẹ̀rù tí wọ́n fi ń sọ pé "má gbé nǹkan kan mọ́" ló ń jẹ́ kí èjìká gan. Ṣùgbọ́n garawa omi mai ruwa (ẹni tó ń ta omi kiri) kò tíì kàn án o.

Bí apá bá pọ́n tó gbóná, tí ibà bá mú un, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí doxorubicin, oògùn pupa yẹn, bá wà lára kẹ́mò rẹ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti yẹ ọkàn rẹ̀ wò, torí ó lè ṣe ọkàn léṣe.

Ọmọ Ìlọrin ní Jabi:

Mo fara mọ́ ọn. Àfikún mi ni pé ìpè lásán tó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, fídíò ń jẹ dátà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já. Ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ lò ó, kẹ́ ẹ rí ilé ìdáná, àtẹ̀gùn àti ìloro. Tí wọ́n bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́, apá nìkan, kì í ṣe àyà. Lóṣù kẹta sí ìkẹrin tí ooru máa ń mú, kó má rìn lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀. Tí eruku ọyẹ́ bá pọ̀, inú ilé ni. Bí mùsùlùmí bá ń gbààwẹ̀, ẹ sún ìrìn náà sí ẹ̀yìn ìṣínu.

Nọ́ọ̀sì Kubwa:

Ẹ ṣé gan-an. Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń kú tipiri látìgbà kẹ́mò. Ṣé ó ṣì lè rìn?

OT Zaria:

Ó lè rìn. Paclitaxel àti docetaxel, oògùn kẹ́mò méjì kan, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì, kí ẹnìkan sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́ fún egbò tí kò mọ̀ pé ó wà. Ìgbọ̀nwọ́ ni kó fi tọ́ omi ìwẹ̀ wò. Kí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, torí iná lè lọ nígbà tó bá fẹ́ dìde lóru. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ẹ ní kó dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún láìfọwọ́ ti ara, kí àga náà fẹ̀yìn ti ògiri, kí ọmọ kan sì dúró tì í. Tí kò bá lè ṣe márùn-ún, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.