Báwo ni ẹ ṣe ń kọ́ àwọn àgbà mọ ibi tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì parí sí?

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́, Òkèlele

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Àwọn àgbà ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ìrun Alásárì níhìn-ín ní Ìlọrin: àwọn ìyá amọ̀kòkò, àwọn tó ń ta aṣọ òfì, télọ̀ kan, àti bàbá kan tó ti fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wọn ṣe é gbọ́. Ìkọ̀wé ni wàhálà. Ẹ wo ohun tí ìyá aláṣọ òfì kan kọ ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Èkó:

"Good morning ma I have send the cloth have you see it please send the balance God bless you"

Oníbàárà dáhùn pé "Amen ma." Ó parí síbẹ̀. Kò sọ bóyá aṣọ dé, kò mẹ́nu ba owó. Inú ìyá yìí bàjẹ́, ó ní wọ́n ń fojú di òun. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí àmì kankan tó là wọ́n, àdúrà tó kẹ́yìn ló bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ti kọ́ wọn ní oríṣi gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: àlàyé, ìbéèrè, àṣẹ, ìyanu. Wọ́n mọ̀ wọ́n lórí. Tí wọ́n bá ti mú bírò, gbogbo rẹ̀ á tún di ọ̀kan. Bàbá awakọ̀ sì ní òun ò lè kọ "Send the money" sí ẹni tó ju òun lọ láéláé. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe?

Tísà Gáà-Àkàńbí

Ẹ ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sókè. Ibi tí èémí bá ti tán, kí wọ́n fi full stop síbẹ̀.

Ọmọ Alfa

Tísà, ẹ má bínú, èémí kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe á fi full stop síbi tí kò yẹ, ẹni tí èémí rẹ̀ gùn á ka odidi ìpínrọ̀ kó tó dúró. Ìtumọ̀ ló yẹ kó dá wọn dúró. Àwọn ará Òkèlele yẹn sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ilé kéwú ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ẹ ṣí Àlùkùránì síwájú wọn. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rà lọ́jà, ẹ máa rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ lókè ìlà. Míímù: dúró dandan, torí tí o bá kọjá, ìtumọ̀ lè dàrú. Lámù-álífù: má dúró, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Jíímù: o lè dúró, o lè kọjá. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe tí èémí bá tán wọn lórí lámù-álífù. Wọ́n á ní àwọn á padà sẹ́yìn díẹ̀, àwọn á tún un kà. Ẹ̀kọ́ full stop ti wọlé nìyẹn, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Àmọ́ ẹ má fi kọ́mà wé jíímù o, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba.

Ẹ tún kíyè sí i pé Lárúbáwá ò ní lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ẹni tó ti kọ wàláà, pátákó ìkọ̀wé ilé kéwú, kó tó mọ ABD ò rí ìdí tí "h" fi ní láti di "H" níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Àmì ìbéèrè tiwọn kọjú sí òdì kejì, báyìí: ؟ Kọ́mà wọn náà dorí kodò: ، Tí ìyá kan bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìmọ̀wé. Ẹ kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún un.

Ní ti ìbéèrè, àwa a máa fi "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" síwájú, ìyókù gbólóhùn ò ní mira. Lárúbáwá ní "hal". Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ẹ̀, àyè ni wọ́n ń pààrọ̀. Páálí ni mo máa ń gé: "you" lórí ọ̀kan, "have" lórí èkejì, "seen it" lórí ẹ̀kẹta, full stop àti àmì ìbéèrè náà ní páálí tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á fọwọ́ ara rẹ̀ gbé "have" síwájú, á sì pààrọ̀ àmì tó wà lẹ́yìn. Tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, tí kò sì sí "have" tàbí irú rẹ̀ tí a lè gbé, "did" ló ń wọlé, òun ló sì ń gba àsìkò lọ́wọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: "She paid" á di "Did she pay?" Ẹ pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. "Did she paid" ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, torí ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà.

Àǹtí Òmù-Àrán

Alfa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ìyá ìjọ ni mò ń kọ́ ní tèmi, ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí n dá sí ti bàbá awakọ̀. Òótọ́ ni bàbá sọ. Tí a bá ní "ẹ fi owó ránṣẹ́", "ẹ" yẹn ló gbé ọ̀wọ̀ dání. "Send" ò ní ibi tí ọ̀wọ̀ lè jókòó sí. Ẹ kọ́ wọn ní "Could you please send the balance, sir?" Ìrísí ìbéèrè ló ní, àmì ìbéèrè ló sì ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó là ń fẹ́. Ẹ má gbàgbé kọ́mà tó ṣáájú "sir".

Ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ òfì á wá rí báyìí:

"Good morning, ma. I have sent the cloth. Have you seen it? Could you please send the balance? God bless you."

Tó bá fẹ́ràn "I want to know if you have seen it", full stop ló ń gbà, àlàyé ni. Àmì ìyanu kò sì yẹ ọ̀rọ̀ owó rárá, àfi bí ẹni ń pariwo mọ́ oníbàárà.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́, Òkèlele

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo gbé ti míímù dé kíláàsì, àwọn ìyá ló wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún télọ̀. Àmọ́ kọ́mà ti gba gbogbo ibi báyìí: "I went to Ipata, bought pepper, the money finished, I came home."

Ọmọ Alfa

Èdè wa ló ń fà á. "Mo lọ sí Ìpàtà ra ata": ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tẹ̀ lé ara wọn, kò sí ohun tó so wọ́n, gbólóhùn kan ni. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ "and" láàárín wọn: "I went to Ipata and bought pepper." Ìyẹn torí pé ẹnì kan náà ló lọ, òun náà ló rà. Nígbà tó kan owó tó tán, olùṣe ti yí padà, kọ́mà nìkan ò lè gbé e. Ẹ ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ olùṣe kọ̀ọ̀kan. Kí olùṣe tuntun tó wọlé, kí full stop wà níwájú rẹ̀, tàbí kọ́mà pẹ̀lú "so" tàbí "but": "The money finished, so I came home." "Because" náà ń bọ̀, àmọ́ tó bá wà láàárín, kì í sábà gba kọ́mà; tó bá ṣíwájú gbólóhùn, kọ́mà á dé lẹ́yìn apá tirẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ mọ́ "and" àti "so".