Ìrírí tiwa lójú ọ̀nà Racetrack, ní Death Valley

Ẹ̀yin tí ejò àti àkekèé ń bà lẹ́rù, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ojú onítírélà rí màbo nínú aginjù ni ọ̀nà tó ń mi nǹkan jìgìjìgì.

California lèmi àti ìyàwó mi ń gbé. A ní tírélà kékeré kan tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, inú rẹ̀ la ń sùn tí a sì ń dáná. Oṣù Kọkànlá la gbé e lọ Death Valley, aginjù kan ní California níbẹ̀, torí ta ní fẹ́ lọ nígbà ooru? Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wọn ooru 56.7°C lọ́dún 1913.

Láti ibi tí ọ̀dà parí sí nítòsí kòtò ńlá tí wọ́n ń pè ní Ubehebe Crater, ó tó máìlì 27 kéèyàn tó dé Racetrack, adágún gbígbẹ tí òkúta ti ń rìn fúnra wọn lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀nà náà rí gbágungbàgun bíi páànù òrùlé, òkúta ẹnu mímú sì wà káàkiri. Kí a tó wọ̀ ọ́ ni mo ti tú afẹ́fẹ́ táyà láti psi 50 sí 30, kí táyà lè máa gba ìgbọ̀n náà sára. Ṣùgbọ́n ẹ má fi táyà rírọ̀ sáré o, ó máa ń gbóná títí yóò fi bẹ́. Máìlì 15 ní wákàtí lèmi ń rìn. Ọkùnrin kan fi eré kọjá lára wa, ó da eruku bò wá. Ìgbà tó yá la bá a níwájú, ó ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Kò sí fọ́kànáísà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, fóònù ò sì lọ.

Ní Teakettle Junction, níbi tí àwọn èèyàn ti ń so kẹ́tùrù kọ́ ara pátákó, a ṣílẹ̀kùn tírélà. Háà! Ìgbọ̀n ti tú ìdérí ìgò epo pupa fúnra rẹ̀, epo ti dà sórí ìrọ̀rí, ó ti wọnú gààrí. Ìyàwó mi fi ṣíbí rò ó, ó ní kí n má bínú, gààrí Ìjẹ̀bú ló di gààrí Bendel.

Eruku ni kò rí wa gbé ṣe. Fèrèsé orí òrùlé tó kọjú síwájú ni mo ṣí sílẹ̀ díẹ̀: atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé, á sì máa ti eruku jáde ní gbogbo ihò tó kù.

Àwọn òkúta tó ń rìn fúnra wọn náà, a rí ipa wọn. Ọdún 2014 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń tì wọ́n nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́. Wọn ò gbà kéèyàn sùn létí ibẹ̀, ibùdó kan tó ń jẹ́ Homestake la sùn. Kò sí omi níbẹ̀. Ó kéré tán, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́ ni kí ẹ gbé dání.

Ẹnì kan níbẹ̀ ní òun máa wọ́ tírélà gba ọ̀nà Lippincott sọ̀ kalẹ̀ sí Saline Valley. Ọ̀nà tóóró, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́! Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti dán an wò rí?