Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tí mo bá gba iṣẹ́ tíṣà, ṣé mo ṣì lè ta fayolín lórí ìtàgé?

Àbíkẹ́ Onífayolín (Sùúrùlérè)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí orin pọ̀ níbí. Mo ṣe dípúlómà ní ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkàn, mo sì ti yege Grade 8 nínú ìdánwò orin ABRSM ti ìlú Ọba. Láti ìgbà tí mo ti jáde, òde ni mo fi ń jẹun: ìgbéyàwó, ìsìnkú àwọn ẹni ńlá, àpèjẹ ilé iṣẹ́. Àwa mẹ́rin la jọ ń lọ, fayolín méjì, víólà kan, ṣẹ́lò kan. Bí ọkẹ́sítírà bá wá mi, mo máa ń lọ. Mo tún ń kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ nílé wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ilé ìwé aládàáni kan ní Lẹ́kí ti wá fẹ́ gbà mí ní tíṣà orin báyìí. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Owó oṣù náà kò pọ̀, àmọ́ á máa wọlé déédéé, títí kan oṣù January tí òde máa ń dá wáí. Màmá mi ní kí n má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n láti Sùúrùlérè dé Lẹ́kí, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí n ó ti jáde, ìgbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá sì tú mi sílẹ̀ ni n ó tó wọlé. Ìgbà wo ni n ó wá fọwọ́ kan fayolín tèmi? Mo ṣì fẹ́ dúró níwájú ọkẹ́sítírà kí n ta concerto Bruch (orin tó kọ fún onífayolín kan pẹ̀lú ọkẹ́sítírà) lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá di tíṣà, ó ti parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, gba iṣẹ́ náà o. Onílé kì í béèrè bóyá òde dá tàbí kò dá. Bó o bá ti jẹun yó, wàá rí agbára ta ohun tó wù ọ́. Olúwa á ṣọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Àbíkẹ́, àbúrò mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta fayolín jẹun ní London níbí. Nǹkan méjì tí ò ń yà sọ́tọ̀ yẹn, iṣẹ́ kan náà ni. Nínú àwọn tá a jọ ń jókòó nínú ọkẹ́sítírà, àwọn tí kò kọ́ ọmọ kankan kò pọ̀ rárá, àti látayébáyé ló sì ti rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1879 tí Joseph Joachim, ògbóǹtarìgì onífayolín, kọ́kọ́ ta concerto Brahms fún aráyé gbọ́ ní Leipzig, ó ti ń darí ilé ẹ̀kọ́ orin ní Berlin láti 1869. Leopold Auer kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Joachim, òun náà ló wá kọ́ Heifetz, onífayolín tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, ní St. Petersburg, Heifetz pàápàá sì kọ́ni ní Los Angeles nígbà tó dàgbà. Fẹlá Ṣówándé tiwa ńkọ́? Wọ́n bí i ní Ọ̀yọ́ ní 1905, ó tẹ ògáànù ní Kingsway Hall níbí, ó kọ African Suite fún ẹgbẹ́ olókùn, ó sì tún kọ́ni ní yunifásítì Howard àti ti Pittsburgh ní Amẹ́ríkà.

Ìwé àdéhùn ni kó o bẹ̀rù, má bẹ̀rù ọmọ ilé ìwé. Níbí, tíṣà fayolín lè wà ní ilé ìwé kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó wà ní òmíràn lọ́jọ́bọ̀, iye wákàtí tó bá kọ́ni ni wọ́n á san fún un. Sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́ta lo lè wá lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ síwèé pé bí ọkẹ́sítírà bá pè ọ́, o lè fi ọjọ́ kan dípò òmíràn. Ohun tó burú jù ni kí wọ́n ní rárá.

Ọmọ Ẹ̀gbá Olókùn

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n ta kò yín níbì kan. Joachim àti Heifetz tẹ́ ẹ dárúkọ, wọ́n ti gbayì káàkiri kí wọ́n tó di ẹni tí wọ́n ń kó ọmọ wá bá, ọmọ tó sì ti mọ̀ ọ́n ta ni wọ́n ń kó wá bá wọn. Àbíkẹ́ ṣì ń gòkè ni. Bí wọ́n bá ní tíṣà orin nílé ìwé aládàáni l'Ékòó, òun ló ń kọ́ni ní fèrè recorder, òun ló ń darí kọ́áyà, òun ló ń ṣètò eré Kérésì, òun náà ló tún ń dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀. Fayolín lè má kan ọ̀ràn náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Inter-house sports ńkọ́? Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ òde yín gan-an.

Bruch kò sì gba ìfọwọ́yẹpẹrẹ mú. Ní abala tó kẹ́yìn, ohùn méjì pa pọ̀ lórí okùn méjì ni wàá fi gbé orin náà jáde, bí ìka bá sì ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹni tó jókòó ló máa gbọ́ ọ. Àbíkẹ́, bó o bá gba iṣẹ́ yẹn pẹ́nrẹ́n, má fi ìdánrawò sí ìrọ̀lẹ́. Á ti rẹ̀ ọ́, etí rẹ á sì ti kún fún ariwo ọmọdé. Ìdájí ni kó o fi ṣe é. Ra mute onírọ́bà tí wọ́n ń ki bọ orí igi tó gbé okùn dúró, ìyẹn bridge. Ara ilé kejì kò ní gbọ́ nǹkan kan. Skéèlì, lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú orin ìdánrawò Kreutzer, lẹ́yìn náà ojú ibi tó le nínú Bruch nìkan. Má ta á láti òkè délẹ̀.

Tíṣà Bódìjà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an nìyí, torí náà ẹ jẹ́ n sọ èyí tó kàn mí. Kíkọ́ni máa ń tún ọwọ́ olùkọ́ ṣe, bó bá jẹ́ fayolín lò ń kọ́ni lóòótọ́. Ọmọ kan á di bow, ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta fayolín, mú, àtàǹpàkò rẹ̀ á le gbagidi, bow á sì máa yọ̀ lọ sórí igi ìka. O fẹ́ ṣàlàyé fún un, wàá bá gbé tìrẹ, wàá máa fà á díẹ̀díẹ̀ níwájú dígí kó o lè mọ ohun tí igunpá rẹ ń ṣe gan-an. Wàá rí i pé àwọn nǹkan kan wà tí ọwọ́ rẹ mọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ kò tíì mọ̀. Ìyẹn máa ń hàn lórí ìtàgé. Èmi kì í fi kíkọ́ àwọn kékeré fún ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, béèrè irú fayolín tí wọ́n ní. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló máa ń ra 4/4, ìwọ̀n fayolín àgbàlagbà, fún gbogbo ọmọ nítorí pé òun ló wà lọ́jà. 1/4 ló sábà máa ń bá ọmọ ọdún mẹ́fà mu. Ó di nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, méjìlá kó tó kan 4/4. Béèrè ẹni tí yóò máa ra okùn àti rosin, oje igi tí wọ́n fi ń pa bow. Béèrè ẹni tí yóò tún wọn ṣe nígbà ọyẹ́: igi á gbẹ, èèkàn á máa yọ̀, okùn á dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ á sì là níbi tí wọ́n ti fi àtè lẹ̀ ẹ́. Àtè rírọ̀ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lò kí ojú ibẹ̀ lè là dípò kí igi fọ́. Má ṣe jẹ́ kí káfíńtà ilé ìwé fi super glue kàn án láéláé.

Àbíkẹ́ Onífayolín

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ o, mà. N kò tíì sọ èyí: èjìká òsì mi máa ń ro mí bí òde bá ti pẹ́, ìka kẹrin a sì máa kú tipiri nígbà mìíràn. Ṣé kíkọ́ni kò ní dá kún un?

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Ìka tó ń kú kì í ṣe ohun tá a lè wò láti orí fóònù. Lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kó fi ọ́ hàn physiotherapist. Gbé fayolín rẹ dání lọ kí wọ́n rí bó o ṣe ń gbé e sọ́rùn. Àwọn tó ga lọ́rùn máa ń gbé èjìká sókè láti fi há a mọ́ àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ shoulder rest tó ga tó ló yẹ kó dí àlàfo yẹn. Títí wọ́n á fi yẹ̀ ọ́ wò, máa sinmi láàárín orin. Ní òde, bá oníbàárà sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ ó máa sinmi, kẹ́ ẹ sì gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó gbé àpótí kúrò nílé.

Àbíkẹ́ Onífayolín

Mo ti gba ọjọ́ tí n ó rí dókítà. Mo sì ti kọ lẹ́tà sí ilé ìwé náà láàárọ̀ yìí: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, fayolín àti víólà nìkan, ọjọ́ Àbámẹ́ta kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ti pè mí padà. Ó ní àwọn lè gba ọjọ́ mẹ́rin, kí n wá ká jọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní àwọn fẹ́ ra fayolín tuntun, kí n mú ìwọ̀n wá. Tíṣà Bódìjà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń wọn àwọn ọmọ?

Tíṣà Bódìjà

Má fi ọjọ́ orí wọ̀n wọ́n, apá ni kó o wò. Gbé fayolín sí ọmọ náà lọ́rùn, ní kó na apá òsì lọ sí ìdí orí rẹ̀ tó ká kóró yẹn. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá gbá a mú tí igunpá ṣì ṣẹ́ díẹ̀, ó bá a mu. Bí apá bá nà tán kó tó kàn án, mú èyí tó kéré sí i. Àwọn tó bá wà láàárín méjì, èyí tó kéré náà ni. Ya 1/4 àti 1/2 lọ́wọ́ ẹnì kan dání lọ lọ́jọ́ Ajé, kó o wọn ọmọ bíi mélòó kan lójú ọ̀gá náà kí ẹ tó kọ iye tí wọ́n máa rà.