Tọ́ọ̀ṣì orí wo ló ṣeé fọkàn tán nígbẹ́ òru?

Ọmọ Ọdẹ Òkè-Ògùn: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ewu ìgbẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, tọ́ọ̀ṣì orí tí mo rà lọ́jà já mi kulẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀yà ló ń jẹ àgbàdo wa run, ni mo bá lọ ṣọ́ wọn létí odò. Wákàtí méjì ò tíì pé tí iná fi kú pátá. Òjò ti ṣú, ẹ̀gún kún ọ̀nà, n kò rí àtẹ́lẹwọ́ ara mi. Orí ìtì igi ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́, tí mò ń gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ kọjá nínú koríko. 9,900 mAh (òṣùwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) ni wọ́n kọ sára bátìrì rẹ̀. Kí ni kí n rà báyìí?

Oníṣẹ́ Iná: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Irọ́ ni 9,900 yẹn. Bátìrì 18650 tó rí roboto bí ìka yẹn, èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn kì í gbà ju nǹkan bí 3,600 lọ. Gbé e sórí òṣùwọ̀n: ojúlówó máa ń tó gíráàmù 45. Mo ti tú àwọn kan tó jẹ́ pé bátìrì kékeré ni wọ́n ki sínú, tí wọ́n wá fi ìyẹ̀fun dí àyè tó kù.

Má sì jẹ́ kí iye lumen, ìyẹn òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, tàn ọ́. Èyí tó ń pariwo 1,000 yóò gbóná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì wálẹ̀ láìpẹ́. 200 ti tó láti fi rìn. Wá èyí tí wọ́n kọ IPX7 sí, ìyẹn ni pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Máa nu iyanrìn kúrò lára rọ́bà ọrùn rẹ̀.

Bàbá Ọdẹ: Ọmọ mi, o kú oríire. Iná kábáàdì la fi dàgbà. Òkúta rẹ̀ á pàdé omi, á yọ gáàsì, iná á máa jó. Atẹ́gùn máa ń dà á láàmú lóòótọ́, ó sì ń rùn, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kú, yóò ti máa rẹ̀yìn, ìwọ náà á mọ̀ pé ó tó ilé lọ. Iná òde òní kì í dágbére. Méjì ni kí o máa mú dání: ọ̀kan lórí, ọ̀kan kékeré nínú àpò ọdẹ.

Wàyí o, gbọ́ èyí dáadáa. Ojú tó ń tàn nínú iná lè má jẹ́ ti ẹran ìgbẹ́. Ti ajá ń tàn, ti ewúrẹ́ ń tàn, ti màlúù náà ń tàn, ẹni tó ni ín sì lè dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ojú tirẹ̀ má tàn rárá. Má yìnbọn títí o ó fi rí ọrùn àti ara. Tọ́ọ̀ṣì tí kò bá lè fi ara ẹran hàn ọ́ láti ogójì ìgbésẹ̀, má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìyàwó Ọdẹ: Kó ní iná pupa pẹ̀lú. Òun ni ọkọ mi fi ń wo ìbọn rẹ̀ lórí ègùn, ibi tó ń jókòó sí lórí igi. Tó bá pa iná náà, ojú rẹ̀ kì í ṣú. Ẹ sì máa sọ ibi tí ẹ̀ ń lọ fún ará ilé kí ẹ tó jáde.

Ọmọ Ọdẹ Òkè-Ògùn: Ẹ ṣé gan-an. Mo gbé bátìrì náà lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń fi òṣùwọ̀n ta èròjà. Gíráàmù 28! Mo ti rí méjì tí wọ́n kọ 3,000 sí, màá wọ̀n wọ́n kí n tó sanwó. Bàbá, ṣé kábáàdì yín ṣì wà?

Bàbá Ọdẹ: Ó wà lórí àjà. Yà nílé lọ́la, màá tàn án kí o rí i.